Bí Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì Bá Kú Mọ́jú

Ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ní ọ́fíìsì kékeré, pàápàá ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí ẹ ní kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ àgbà fún àwọn yòókù, èyí tí à ń pè ní server, tí gbogbo ìwé owó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ lọ́la tí ẹ bá a pé ó ti kú, kí ni ẹ ó wí fún ìyá aláṣọ tó mú káàdì rẹ̀ wá láti gba owó tó ti ń dá láti ọdún tó kọjá?

Ohun tó lè pa á kò lóǹkà: iná tó dé pẹ̀lú agbára jù, òjò, olè, akọ̀wé tó ṣèèṣì pa ìwé rẹ́, àti àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ti ìwé mọ́ onílé kí wọ́n tó béèrè owó. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìwé ìṣirò tó jó kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Àwọn kan á ní, “Díìsìkì méjì ló wà nínú tiwa, ohun tí a bá kọ sí èkíní, ó ń kọ ara rẹ̀ sí èkejì.” Ó dára, iṣẹ́ kò ní dúró bí ọ̀kan bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lára èkíní, lójú ẹsẹ̀ ló ń pa rẹ́ lára èkejì, bí yàrá bá sì jó, méjèèjì jó. Nígbà tí iná jó ilé kọ̀ǹpútà OVHcloud ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, àwọn oníbàárà kan wà tí ẹ̀dà ìwé wọn wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú ìwé gan-an. Ìwé lọ, ẹ̀dà lọ.

Kì í sì í ṣe inú yàrá kan náà nìkan ni mò ń wí. Okùn tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ náà, ibi kan náà ni. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Maersk, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ti ilẹ̀ Denmark, ní oṣù Kẹfà ọdún 2017. Àrùn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní NotPetya wọlé tọ̀ wọ́n. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà bí 150 káàkiri ayé tó ń tọ́jú orúkọ àti àṣẹ ìwọlé àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà èkejì. Wọ́n rò pé ìyẹn tó. Okùn kan náà ló so wọ́n pọ̀, gbogbo wọn sì parun, àfi ẹyọ kan ṣoṣo ní Gánà. Kí ló yọ ọ́? Iná ti lọ ní ọ́fíìsì náà kí àrùn tó dé! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú àwọn oníná, ẹ rí ọjọ́ tí òkùnkùn ṣe oore. Àwọn òṣìṣẹ́ Gánà kò ní físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀kan nínú wọn bá gbé díìsìkì wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ẹni yẹn ló gbé e dé London. Ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe nìyẹn.

Àwọn bàbá wa mọ ọgbọ́n yìí. Àgbàdo tí wọn yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, wọn kì í kó o pọ̀ mọ́ èyí tí wọn yóò jẹ. Òkè ààrò ni wọ́n ń so ó kọ́ sí, kí èéfín lè lé kòkòrò.

Nítorí náà, ẹ ra díìsìkì àfọwọ́gbé méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ́, ẹ kọ ẹ̀dà sí ọ̀kan, ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí akápò gbé e lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó gbé èkejì padà wá, kí méjèèjì má baà wà ní ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àṣírí tì wọ́n, nítorí ọ̀ràn owó ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí olè yóò máa kà. Bí iná bá jó yín ní Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ ó tún kọ láti inú rìsíìtì. Bí ìyẹn bá pọ̀ jù fún yín, ẹ máa ṣe é lálaalẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ dán ẹ̀dà yín wò o! Ilé iṣẹ́ GitLab ní ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n fi ń pa ìwé mọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017 tí òṣìṣẹ́ kan ṣèèṣì pa ìwé rẹ́, kò sí ọ̀kan nínú márààrún tó ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti rò. Ẹ̀dà kan tí ẹnìkan ṣe fún ìdánwò ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ fi díìsìkì yín sára kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ṣí i, ẹ wá orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan, kí ẹ fi iye owó rẹ̀ wé ti káàdì ọwọ́ rẹ̀. Akọ̀wé ni kó ṣe é, kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nítorí oníṣẹ́ lè wà ní ìrìn àjò lọ́jọ́ tí nǹkan bá dé. Ẹ kọ bí wọ́n ti ń ṣe é, àti nọ́ńbà ẹni tí ẹ ó pè, sórí ìwé, kí akọ̀wé ní ọ̀kan, kí akápò ní ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ tọ́jú ìwé yẹn sínú kọ̀ǹpútà o.

Ó dàárọ̀ o.