Fáíbà Láti Ilé sí Ilé: Ibo Ló Yẹ Kí Owó Wọlé Sí?



Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ́fíìsì méjì wà nínú ọgbà kan níhìn-ín ní Ìwàràjà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí 200 mítà sì wà láàárín wọn, tí a sì fẹ́ so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀. Waya bàbà tí wọ́n ń tà lọ́jà fún irú iṣẹ́ yìí kò ṣeé gbára lé kọjá 100 mítà. Àrá tilẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹsẹ̀ òkè tó na lọ sí Ẹ̀fọ̀n kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ bó ṣe ń sán bí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Bó bá sán lu ilé kan, iná á gba orí bàbà dé èkejì, á sì jó ẹ̀rọ ibẹ̀ mọ́ tibí. Dígí ni fáíbà ní tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé. Charles Kao àti George Hockham ló fi hàn ní 1966, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé bí dígí bá mọ́ tó, ọ̀rọ̀ á gba inú rẹ̀ rìn jìnnà. Kao gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2009.

Oríṣi méjì ló wà. Multimode ní ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀, singlemode ní tóóró; nǹkan bíi micron 9 péré, irun orí nípọn jù ú lọ fíìfíì. Àwọn oníṣòwò á ní multimode ló bá ibi tó súnmọ́ mu, torí SFP rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré oní-ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ suíìṣì, dínwó. Èmi kò gbà. Multimode àtijọ́, OM1, tó ń gbé gígábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láìsí wàhálà, kò lè fi SFP tó wọ́pọ̀ fún un gbé 10 kọjá 33 mítà. Ẹni tó ti rì í mọ́lẹ̀ ní láti tún ilẹ̀ gbẹ́. Singlemode àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. SFP orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáló ni wá, a mọ owó í ṣọ́: lórí ilẹ̀ olókùúta yìí, gbígbẹ́ kòtò ló ń jẹ owó jù.

Nítorí náà, bí ẹ bá nílò fáíbà 2, ẹ ra olókùn 12. Ẹ fi sínú páìpù, kí òkété má baà gé e jẹ. Ẹ má ra èyí tí irin wà lára rẹ̀ bí ẹ kò bá ní so irin náà mọ́ ilẹ̀ dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ti tún ṣínà fún àrá tí a ń sá fún.

Ẹ jẹ́ kí SFP ìhà méjèèjì bára mu. Kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó so ó, ẹ ní kó fi ẹ̀rọ wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde níṣojú yín, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún fáíbà kọ̀ọ̀kan, àní àwọn tí ẹ kò tíì lò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú wo ẹnu fáíbà o. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í hàn, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ilé kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní inverter tirẹ̀, torí fáíbà kì í gbé iná lọ bọ́ ẹ̀rọ tó wà ní ìhà kejì.