Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Ọmọ Wa tí Wọ́n Gboyè Jáde

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ Oòduà tí ẹ sọdá òkun wá wá ìmọ̀ ní ilẹ̀ Texas, àti ẹ̀yin tí a bí síhìn-ín tí ẹ kò sì sọ orírun nù, mo kí yín kú oríire.

Ìtàn tí mo fẹ́ fi sìn yín sọ́nà kì í ṣe ti aṣẹ́gun, nítorí irú èyí yóò kún etí yín lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn. Ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ Prairie View A&M ni, tí kò jìnnà sí Houston, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1876 fún àwọn ọmọ adúláwọ̀ tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́, lórí ilẹ̀ oko ńlá tí àwọn ẹrú ti ro rí. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí a ń fi ọwọ́ gbé sáré tí a sì ń fi èjìká kọlu ara ẹni, Billy Nicks, akọni olùkọ́, akúnlójú-ọ̀tá, kó wọn gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ adúláwọ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín 1953 sí 1964.

Ṣùgbọ́n ìgbà kì í lọ bí òréré. Nígbà tí ọ̀ràn owó dojú rú, wọ́n pa eré náà tì ní 1990. Nígbà tí wọ́n sì gbé e dìde ní 1991, wọn kò ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí wọ́n lè fi fa eléré mọ́ra, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n ń bá figagbága ní in. Lọ́dún náà, àmì 48 péré ni wọ́n rí gbà, wọ́n sì gba 617 sára. Láti ìparí 1989 títí di 1998, ìdíje 80 ni wọ́n pàdánù léra-léra, láìrí ìṣẹ́gun kan ṣoṣo. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn tí irú rẹ̀ bá rí nínú eré náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ro ti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyẹn. Ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ nítorí eré, tí oòrùn Texas ń pa nínú ìgbáradì, tí ó mọ̀ pé bí Sátidé bá dé, ọmọ ẹlòmíràn tí a bọ́ yó ni yóò dojú kọ, tí ó sì tún wọ aṣọ eré, tí ó jáde síta lójú ayé: èmi kò mọ orúkọ tí à bá pè é bí kò ṣe akin. Àwọn tí ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ nígbà náà ka iye ìdíje, wọn kò ka iye owó.

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà ni yín láti òní lọ. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó kùnà, yálà ọmọ abẹ́ yín lẹ́nu iṣẹ́ ni tàbí àbúrò yín nílé, kí ẹ tó pè é ní ọ̀lẹ, ẹ kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, kí ẹ wo ohun tí a fi lé e lọ́wọ́ nígbà tí a rán an lọ sójú ogun.

Níkẹyìn, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1998, Prairie View na ilé-ẹ̀kọ́ gíga Langston ní 14 sí 12, òfò náà sì dópin. Ní 2009, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ líìgì wọn, èyí tí wọn kò rí gbà mọ́ láti 1964.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, bí owó oṣù àkọ́kọ́ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, bó ti wù kí ó kéré tó, ẹ yọ nínú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ọmọ kan tí ẹ kò bí, tí ẹ kò sì mọ̀.