Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Tó Ń Dín Sísanra Kù: Eré Ìdárayá Mélòó Ló Tó?

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún wa)

 

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ká sọ lónìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀kan nínú wa ní ìsọ̀ aláṣọ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín sísanra kù. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló lé e débẹ̀, kì í ṣe fáàrí, kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yéé sọ ọ́. Ó fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́ fún ẹgbẹ́. Nígbà tó délé láti ọsibítù, ìmọ̀ràn méjì tó takora ló bá pàdé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó má kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì títí oṣù á fi pé. Àwọn ọmọ ìsọ̀ rẹ̀ ní ara rẹ̀ ti fúyẹ́, kó máa bọ̀ wá tú ẹrù. Méjèèjì léwu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpòlúkù kúrò, ó wá ku tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Irú mìíràn wà tí wọ́n á ṣe àpò kékeré sí òkè àpòlúkù, tí wọ́n á so ìfun mọ́ ọn. Lójú òde, ẹ lè má rí ju ihò kéékèèké mélòó kan lọ, torí irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń tì wọlé. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Òde ti jinná, inú ṣì ń jinná lọ́wọ́.

Ìrìn ló ṣáájú. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an tàbí ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì á ti ní kí aláìsàn dìde rìn díẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù. Kì í ṣe ìkà. Bí ó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Bí èyí tó dì náà bá já lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn. Nítorí náà, Màmá, ẹ ṣeun fún ìtọ́jú o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó rìn. Kó rin ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀, kó sinmi, kó tún rìn lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kó fi díẹ̀ kún un. Bó bá ṣì lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ, kò tíì pọ̀ jù.

Ẹrù lọ̀ràn àwa ọlọ́jà. Ọ̀pọ̀ dókítà ló ń sọ pé kí èèyàn má gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Bó bá ti ju kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 lọ, kó fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀lì aṣọ, àpò gàrí, ọmọ-ọmọ tó ń sunkún pé kí wọ́n pọn òun, ẹrù ni gbogbo wọn. Iṣan ikùn lè ya lójú ọgbẹ́, kí ìfun yọ síbẹ̀, ló bá tún di iṣẹ́ abẹ mìíràn.

Lẹ́yìn tí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tó ní ó yá, ìgbà yẹn niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020, ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5 ni 150 yẹn. Ẹni tí kò fẹ́ kí sísanra padà, kó máa sún mọ́ 300 díẹ̀díẹ̀. A mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Ṣé a kì í dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni?" Dídúró kì í ṣe ìrìn o. Ká jókòó sórí àpótí ká máa pe oníbàárà, kò sí nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká sọ̀kalẹ̀ ní bọ́ọ̀sítọ́ọ̀pù tó ṣáájú ọjà, ká yára rìn dé ìsọ̀, ó wà nínú ẹ̀. Ijó tí a jó láàárọ̀ yìí tí òógùn bò wá, ó wà nínú ẹ̀ dáadáa.

Wọ́n tún ní kó fi ọjọ́ 2 ó kéré tán lọ́sẹ̀ ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára, torí bí ara bá ń jò, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń lọ. Kó máa dìde jókòó lórí àga nígbà 10, kó máa fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri. Kó jẹ ẹyin, ẹja àti mọ́ínmọ́ín díẹ̀díẹ̀. Omi náà, kó máa tọ́ ọ mu, ikùn kékeré kò gba ife kan lẹ́ẹ̀kan. Kí dókítà tún oògùn àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, torí ìwọ̀n àtijọ́ lè ti pọ̀ jù, kí òòyì máa kọ́ ọ lójú títì. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dùn ún, bí àyà bá ń dùn ún, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì í ṣe àgbo.

Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé kí sísan owó tó yá dúró fún oṣù 2, láìsí èlé. Ọmọ méjì láti ìsọ̀ tó múlé tì í á máa bá a tú ẹrù. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, aago 6 ààbọ̀, a ó máa pàdé lẹ́nu géètì láti rìn yí ọjà ká. Ẹ wọ bàtà tó tẹ́. Màmá ìyá ọkọ náà ti ní òun ń bọ̀.