Nígbà Tí Tẹlifíṣọ̀n Oníkùn Ńlá Bá Fẹ́ Fẹ̀yìn Tì

Ọ̀rọ̀ ọjà rírà ni mo mú wá lónìí. Ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn géèmù bọ́ọ̀lù kò wọ́n ní Ìgbàrà-Odò níhìn-ín, kò sì wọ́n ní Ìkẹ́rẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ara tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá tí ó wà ní pálọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nísinsìnyí wọ́n fẹ́ ra mọ́nítọ̀ onípẹlẹbẹ. Owó tí a rí lórí kòkó àti iṣu kì í ṣe owó tí à ń fi ra ọjà ní ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ fi sílẹ̀, kí á tó mọ ohun tí a fẹ́ gbà.

Ará Jámánì kan, Karl Ferdinand Braun, ni ó ṣe ìgò oníná tí ó bí tẹlifíṣọ̀n oníkùn, ní ọdún 1897. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn fi wo WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọdún 1959. Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Nǹkan kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ń ta ẹlẹ́kítírọ́nì bí ẹni ta ọfà. Ọfà náà ń gba inú gíláàsì lọ, ó ń ya àwòrán ní ìlà kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ó bá bà a tan yòò, ó sì kú kíá. Nínú ìlànà PAL tí a wá lò ní Nàìjíríà lẹ́yìn náà, ìlà 625 ni ó wà nínú àwòrán kan, ọfà náà sì ń gba ojú gíláàsì kọjá ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Àǹfààní méjì ni èyí fún ẹni tí ń gbá géèmù. Èkínní, bí o bá ti tẹ bọ́tìnì ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ń hàn, nítorí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kì í dúró ro àwòrán kí ó tó gbé e jáde. Èkejì, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ náà ń tètè kú, bọ́ọ̀lù tí ń sáré kì í fa ìrù lẹ́yìn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Onípẹlẹbẹ lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń di àwòrán kọ̀ọ̀kan mú títí òmíràn yóò fi dé. Bí ojú wa ti ń bá bọ́ọ̀lù lọ, àwòrán náà a dà bí ohun tí a fọwọ́ nù. Kódà, géèmù àtijọ́ tí a ń fi ìbọn ìṣeré yin pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣiṣẹ́ lójú onípẹlẹbẹ, nítorí ìmọ́lẹ̀ ọfà yẹn gan-an ni ìbọn náà ń wá.

Kí ni kí á wá wò lọ́jà?

Ẹ kọ́kọ́ wo iye ìgbà tí ó ń pààrọ̀ àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Hz ni wọ́n máa ń kọ sí i. Èyí tí ó jẹ́ 60 Hz ń di àwòrán kan mú fún nǹkan bí ìdá 17 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá; 144 Hz ń dì í mú fún nǹkan bí ìdá 7 péré. Nítorí náà ni bọ́ọ̀lù fi ń mọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà rẹ kò bá lè yà ju àwòrán 40 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, má ṣe san owó 144 fún aláròóbọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣọ́ra fún “1 ms” tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára páálí. Ìyẹn ń sọ bí àmì kan ti ń yára yí àwọ̀ padà. Kò sọ bí ó ti pẹ́ tó kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tó hàn. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n onípẹlẹbẹ ni ẹ ń rà, ẹ wá ibi tí a kọ “Game Mode” sí nínú ètò rẹ̀, kí ẹ tàn án. Yóò dín ìdádúró kù.

Ìkẹta ni iye àmì tíntìntín ojú rẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ 1920 lọ́nà 1080 ní àmì tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Oníkùn lè gba oríṣiríṣi ìwọ̀n àwòrán láìbàjẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan ṣoṣo ni onípẹlẹbẹ bá wáyé. Bí o bá so géèmù àtijọ́ bíi PlayStation 2 mọ́ ọn, àwòrán náà yóò fẹ̀, yóò sì ṣe bàìbàì. Ẹ tún wo ihò okùn rẹ̀: ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ kò ní ihò pupa, funfun àti yẹ́lò tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìkẹrin ni irú ojú. TN yára, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kò ní rí àwọ̀ dáadáa. IPS dára fún ilé tí ọ̀rẹ́ mẹ́ta ti ń wo ojú kan náà. VA ní dúdú tí ó dú, ṣùgbọ́n òmíràn nínú wọn máa ń fa òjìji bí ibi géèmù bá ṣókùnkùn.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ìbáà ṣe ní Adó tàbí ní Àkúrẹ́, ẹ má sanwó láìtàn án. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé funfun, dúdú, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù sójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmì tí ó ti kú, ìlà, àti ibi tí nǹkan ti tẹ̀ yóò hàn.

Ẹ̀yin òbí, èrè tiyín náà wà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n oníkùn 21 íǹṣì lè jẹ nǹkan bíi 70 sí 100 wáàtì. Mọ́nítọ̀ 24 íǹṣì sábà máa ń jẹ bíi 20 sí 30. Ẹni tí ó ń fi jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì tanná mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọdé dì mú jù. Òjé wà nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n oníkùn, májèlé sì ni òjé jẹ́ fún ọpọlọ ọmọdé. Agbára iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ okùn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe tú u, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má ṣe dáná sun ún láti yọ bàbà inú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ sí odò, pàápàá ní ìlú tí ó fi odò ṣe orúkọ. Bí ó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fún ẹni tí ó bá nílò rẹ̀. Bí ó bá ti kú, ẹ gbé e síbi gbígbẹ tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, títí ẹ ó fi rí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó irú rẹ̀.

Ẹ lọ sọ́jà pẹ̀lú ojú tí ó là. Ó dìgbà kan ná.