Ibi tí a Dúró sí àti Àṣẹ tí a Pa

Ní 2005 ni Linus Torvalds ṣe Git, ètò kọ̀ǹpútà tí ń tọ́jú àyípadà inú fáìlì. Ẹ jẹ́ kí a pe ibi iṣẹ́ lápapọ̀ ní ilé, kí àpò fáìlì inú rẹ̀ jẹ́ yàrá. Bí a bá pàṣẹ “git add .” nínú yàrá kan, ìtumọ̀ àmì ìdánudúró náà ni ‘ibi tí mo wà yìí’, àyípadà tó wà lóde yàrá náà yóò ṣẹ́kù. “git commit” yóò wá fi èdìdì di ààbọ̀ iṣẹ́, àwa yóò sì rò pé ó pé. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ bi “git status” léèrè: yàrá yòówù tí a bá wà, gbogbo ilé ni ó ń ròyìn.