Rírà Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ ní Gbàǹjo Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún, ní Ògbómọ̀ṣọ́



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní òní kì í ṣe èyí tí yóò gbé wa níyì. Ní ọdún 2023 ni ẹ fún wa ní owó kí a fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká mẹ́fà fún àwọn ọmọ wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Ladoke Akintola. Púpọ̀ nínú owó náà ni àwọn ìyá wa tí ń ta èlùbọ́ àti gàrí ní ọjà dá ní díẹ̀díẹ̀. Mẹ́fà ni a rà. Méjì péré ni ó ṣiṣẹ́. A gbọ́ gbogbo ohun tí a ti sọ lẹ́yìn èyí. A gbọ́ pé àwọn kan ní ọmọ wa tí ó bá wa gba ẹrù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó jẹ owó náà. Kò jẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwa ìgbìmọ̀ ni ẹ̀bi wà, a ó sì sọ bí ó ti rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ọjà tí a lọ. Gbàǹjo kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá ti dàgbà díẹ̀ nínú wa yóò ti rí onígbàǹjo tí ń lu agogo níwájú ẹrù, tí ń pe owó, tí ẹni tí ó bá dá iye tí ó ga jù lọ sì ń gbé ẹrù lọ sí ilé rẹ̀. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé agogo kò dún, ẹrù kò sí níwájú ẹni, a kò sì rí ojú ẹni tí ń tà. Eyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni eBay, tí Ọ̀gbẹ́ni Pierre Omidyar dá sílẹ̀ ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1995. Ohun èlò kékeré kan tí ń tan ìtànṣán, tí ó sì ti bàjẹ́, ni wọ́n ní a kọ́kọ́ tà níbẹ̀, ní dọ́là 14 àti sẹ́ǹtì 83. Olùtà kọ̀wé bi ẹni tí ó rà á bóyá ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Onítọ̀hún dáhùn pé èyí tí ó ti bàjẹ́ gan-an ni òun ń kó jọ. Olùtà tí ó bi wá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò sí ní tiwa.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò kí a jèrè. Ní gbàǹjo yìí, ojú olójú nìkan ni a ní títí ẹrù yóò fi dé. Nítorí èyí ni àwọn tí ó ni ọjà ṣe fi ìlànà kan lélẹ̀ láti dáàbò bo olùrà: bí ọjà kò bá dé, tàbí tí ó dé tí kò rí bí olùtà ti júwe rẹ̀, eBay fún olùrà ní 30 ọjọ́ láti fi ẹjọ́ sùn, kí ó sì gba owó rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ìlànà náà tí àwa ará ilé kì í kà. Bí a bá ti tún gbé ọjà náà kúrò ní ilé tí a kọ́kọ́ fi jíṣẹ́ lọ sí ibòmíràn, ààbò náà ti dópin. Kọ̀ǹpútà tí ó bá ti kúrò ní London tí ó dorí kọ Èkó, a ti di onígbọ̀wọ́ ara wa lórí rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni a ti ṣubú. Páálí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa. Ó kọ̀wé sí wa pé òun yóò tú wọn wò ní ọjọ́ ìsinmi. Àwa ni a ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó tètè fi wọ́n fún àwọn tí ń kó ẹrù wá sílé, kí ọkọ̀ má bàa já wa sílẹ̀, nítorí a ti dá ọjọ́ tí a ó pín wọn, a sì ti pe oníyàwòrán. Ẹrù náà lo ohun tí ó ju oṣù méjì lọ lórí omi àti ní èbúté. Nígbà tí a tú u ní Ògbómọ̀ṣọ́, ojú ọ̀kan ti sán. Mẹ́ta tàn dáradára, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n bí a ti so wọ́n mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tí a kò mọ̀ rí yọ sí ojú wọn, wọ́n sì ń bèèrè páswọ́ọ̀dù òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ni wọ́n kò tíì tú wọn sílẹ̀. A kọ̀wé sí olùtà, kò dáhùn. A kọ̀wé sí ojú ọjà, wọ́n ní ọjọ́ ti kọjá, ẹrù sì ti kúrò ní ilé tí a fi jíṣẹ́. A kò rí ohun tí a lè sọ sí i.

Nítorí náà, ìpinnu wa ni pé kọ̀ǹpútà kankan kò gbọdọ̀ ré òkun kọjá kí ojú ọmọ wa tó rí i ní títàn. Ní ọjọ́ tí páálí bá dé ni kí ó tú u, kí ó sì ya fídíò bí ó ti ń tú u. Kí ó fi orúkọ àti nọ́ńbà ara rẹ̀ wé ohun tí olùtà kọ. Kí ó tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ó sì wo bí bátìrì yóò ti pẹ́ tó. Lẹ́yìn èyí, kí ó pa ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀tun pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ń pe orúkọ ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kan, tàbí tí ti Apple bá ń bèèrè ẹni tí ó ni í tẹ́lẹ̀, kí ó dá a padà ní ọjọ́ náà. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni. A mọ̀ pé wákàtí méjì kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru bọ̀.

Kí a tó dá owó rárá, kíkà ni ó ṣe pàtàkì. Bí olùtà bá kọ “for parts or not working”, ó ti sọ òótọ́, kí a fi í sílẹ̀. “Untested” ni ó burú jù, nítorí ó ń sọ pé òun kò tan án wò. Ẹni tí ó ní iná ní ilé tọ̀sán tòru tí kò tan ọjà rẹ̀ wò, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ohun tí ó dá a dúró. Kí a wo ohun tí àwọn olùrà ìṣáájú sọ nípa olùtà, kí a sì wo ohun tí wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ̀: ẹni tí ó ta ìbọ̀sẹ̀ fún 500 ènìyàn kò tíì fi hàn pé òun lè ta kọ̀ǹpútà. Bí ó bá ní kí a kúrò lójú ọjà, kí a fi owó ránṣẹ́ sí òun lọ́tọ̀ tàbí kí a ra káàdì ẹ̀bùn fún òun, olè ni. Ní ti iye owó, kí a pinnu rẹ̀ kí a tó wọlé, kí owó ọ̀nà sì wà nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀rẹ́ olùtà ni ó ń bá wa fa owó sókè.

Ohun kan wà tí ó mú kí ọjà yìí pọ̀ ní ìsinsìnyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10 dúró. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò lè gba Windows 11 ni àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń tú dànù, wọ́n sì pọ̀ níye. Lára àwọn ti Intel, èyí tí ó ti ìran kẹjọ bẹ̀rẹ̀ ni Microsoft fọwọ́ sí jù lọ: i5-8250U wọlé, i5-7200U kò wọlé. Ẹ wo nọ́ńbà yìí kí ẹ tó wo ẹwà rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú ra tiwa ní Ikeja, ní Computer Village, tàbí lọ́wọ́ àwọn tí ń polówó lórí Jiji. A kò sọ pé kò dára. Ó kéré tán, a lè fi ojú ara wa rí i kí a tó sanwó, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sanwó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà òkun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn gbà. Ní ọdún 2015 àti 2016, àwọn olùwádìí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn yẹ ẹrù wò ní èbúté Èkó. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò iná àlòkù ni ó ń wọlé lọ́dọọdún, àti pé ó kéré tán, 19 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́. Tòkunbọ̀, orúkọ tí a fi ń ṣe ọmọ tí a bí ní ìdálẹ̀ lẹ́wà, ni a wá sọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a pa ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tì, ẹ rántí pé láti ọdún 2015 ni gbogbo ọmọ tí ń ṣe ìdánwò JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Ní ti pé kí a fọkàn tán ara wa láti ọ̀nà jíjìn, àwọn bàbá wa ṣe é. Àwọn tí ń ṣòwò ní ìhà àríwá Ghana, kí òfin Ìjọba Busia ti oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé wọn padà wá sílé, ń fi owó àti ọjà rán ara wọn. Ẹni tí a fi ẹrù rán a máa tú u, a máa kà á, kí ó tó gbé e. Àwa ni a sọ fún ọmọ wa pé kí ó má tú u. Níwájú gbogbo yín, a bẹ̀ ẹ́.

Owó tí ó kù lọ́wọ́ wa lè ra mẹ́rin. A ń fẹ́ ènìyàn méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹnì kan ní Amẹ́ríkà tí ó lè gba páálí, tí ó sì ní wákàtí méjì náà. Kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé kí a tó tú ká. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e bọ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, kí ó fi í sínú àpò ọwọ́ rẹ̀, kí ó má fi sínú ẹrù tí a ń kó sí ìsàlẹ̀, nítorí bátìrì. Àwọn ọmọ mẹ́rin tí a ṣèlérí fún ní ọdún 2023 tí kò rí tiwọn gbà ni a ó kọ́kọ́ fún. Ọ̀kan nínú wọn yóò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìpẹ́. Tirẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ rà.