Ìwé Abẹ́ Ìrọ̀rí

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ń ti àgbà lójú, ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, àwọn ọmọ wa ni yóò jìyà rẹ̀.

Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíramà, abẹ́ ìrọ̀rí ni a máa ń tọ́jú ìwé James Hadley Chase sí. Olùkọ́ kan gbà á, ó nà wá, ó sì dáná sun ún. Kò bi wá léèrè ohun tí a rí kà níbẹ̀.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti Òyìnbó nìkan. Ní 1929 ni I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú *Akéde Èkó*. Ní 1930 ó di ìwé. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin gidi ni, bẹ́ẹ̀ Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Ṣẹ̀gilọlá ròyìn fàájì rẹ̀. Ó sì ròyìn àìsàn àti òṣì tí ó kẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin lè fi í kọ́gbọ́n.

Ìparí yìí ni ọmọ tí ń dá ìwé kà lábẹ́ aṣọ kì í rí. Lónìí, inú fóònù ni ìwé náà wà. Iná kò ràn án mọ́. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Omi là ń bù fún un, a kì í gé e lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a jókòó ti àwọn ọmọ wa, kí a bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń kà, kí a sì sọ ìparí rẹ̀ fún wọn.

Kí Ọlọ́run bá wa wò wọ́n. Àmín.